Àwọn tó máa béèrè ẹ ni kó o kọ́kọ́ wá

Àbúrò wa kan kọ̀wé sí mi láti Kubwa, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, mo bí ọmọ méjì, Hausa àti Òyìnbó ló yọ̀ lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í pa àlọ́ sínú fóònù fún wọn, mo ti gba mẹ́wàá sílẹ̀, mo wá fẹ́ gbé e síta fáwọn òbí bíi tèmi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní àfi kí n ṣe lọ́ńṣìn tó gbóná, kí n gba hóòlù, kí n sanwó fún influencer méjì, ìyẹn àwọn gbajúmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n pariwo ẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé mo ṣe nǹkan kan. 300,000 náírà ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n ná an síbẹ̀ ni? Báwo làwọn tí ò mọ̀ mí rí ṣe máa gbà mí gbọ́? Ẹnì kan tún ní òun lè mú mi dé rédíò, ṣé kí n lọ?"

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o, o kú àánú àwọn ọmọ. Má ná owó yẹn sí hóòlù, má sì ná an sí influencer, ó kéré tán kì í ṣe nísinsìnyí. Mo fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa torí mi ò fẹ́ kó o rò pé mo kórìíra ìpolówó, iṣẹ́ tí mò ń ṣe náà nìyẹn, àwọn tó ń kọ̀wé, àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀, àwọn tó ń ya fíìmù kéékèèké nílùú Abuja yìí ni mò ń bá gbé iṣẹ́ wọn jáde, ó sì máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí iṣẹ́ tó dáa tí wọ́n ná gbogbo owó ẹ̀ sí ọjọ́ kan ṣoṣo, tí ò wá sí owó tí wọ́n á fi ṣe apá kejì mọ́.

Jẹ́ ká sòótọ́ nípa lọ́ńṣìn l'Abuja. O máa wá alága, o máa tẹ ìwé ìpè, o máa sáré lẹ́yìn àwọn ọ̀gá ní Secretariat, àwọn míì á rán aṣojú wá, ẹni tó bá sì wá á fowó sílẹ̀ nítorí ẹni tó pè é, kì í ṣe nítorí iṣẹ́ náà. Fún ẹni tó ní ìwé ńlá nílẹ̀ tó fẹ́ san gbèsè ìtẹ̀wé, ìyẹn ò burú, owó ọjọ́ yẹn lè gbà á là. Àmọ́ àlọ́ ọmọdé ni tìẹ, inú fóònù ló sì wà. Àwọn tó máa jókòó sí tábìlì iwájú, àwọn ọmọ wọn ti jáde yunifásítì, àwọn ọmọ-ọmọ wọn wà ní Kánádà. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún ẹ, wọ́n á gbàdúrà fún ẹ, wọ́n á sì máa lọ, tí ilẹ̀ bá mọ́, òbí tó mọ ibi tó ti máa gbọ́ àlọ́ kejì ò ní ju bóyá mẹ́ta lọ.

Ti influencer ńkọ́? Ìgbẹ́kẹ̀lé táwọn èèyàn ní nínú ẹni yẹn lo fẹ́ yá lò fún wákàtí díẹ̀. Ẹni tó ń tẹ̀ lé e torí aṣọ tàbí torí àwàdà ò wá àlọ́ wá, tó bá tiẹ̀ tẹ línkì ẹ, ojú ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lánàá ló máa bá, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀, kò sí ohun tó fi hàn pé o ṣì máa wà níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, á wò ó á padà. Rírà fọ́lówà ló tún wá burú jù. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tà á fún ẹ, àwọn fọ́lówà bẹ́ẹ̀ ò ní ọmọ, wọn ò ní etí, tí òbí gidi bá sì débẹ̀ tó rí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fọ́lówà àti làìkì mẹ́ta, á fura lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó mú kí tìẹ le ju ti ẹni tó ń ta bàtà lọ ni pé òbí ò rajà fún ara ẹ̀, etí ọmọ ẹ̀ ló fẹ́ yá ẹ. Ẹni tó bá ra bàtà tí ò dáa, owó ló pàdánù. Òbí tó bá gbé fóònù fọ́mọ ọdún márùn-ún kó máa gbọ́ ohùn obìnrin tí ò mọ̀ rí, ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ju owó lọ. Ta ni obìnrin yìí? Kí ló fẹ́ kọ́ ọmọ mi? Ṣé kò ní fi iwin dẹ́rù bà á tí ò fi ní lè sùn lóru? Tó bá jẹ́ Mùsùlùmí, á fẹ́ mọ̀ bóyá orin òrìṣà wà nínú ẹ̀, tó bá jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì, ìbéèrè kan náà ni. Àwọn Yorùbá tó wà ní Kubwa, ní Lugbe, ní Nyanya, ní Mararaba, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ò ní ìyá àgbà nítòsí tó lè sọ fún wọn pé àlọ́ yìí dáa, a mọ̀ ọ́n, wọ́n pa á fún àwa náà. Àwọn nìkan ló ń ṣọ́ ọmọ wọn nílùú tí wọn ò bí wọn sí. Ìbẹ̀rù yẹn ò burú, má bínú sí i, dáhùn ẹ̀ kí wọ́n tó béèrè.

Bó o ṣe máa dáhùn ẹ̀ nìyí. Gbogbo àlọ́ tó o bá fi ránṣẹ́, kọ ìlà bíi mẹ́ta sí i: ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀, ọmọ ọdún mélòó ló lè gbọ́ ọ, ìṣẹ́jú mélòó ni, ìlú wo ni wọ́n ti pa á fún ẹ. Tí Ìjàpá bá jalè nínú ẹ̀, sọ pé ó jalè, tẹ́nì kan bá kú, sọ ọ́. Má rò pé ìyẹn máa ba ìtàn jẹ́, ọmọ ló ń gbọ́ ìtàn, òbí ló ń ka ìlà mẹ́ta yẹn, òbí tó bá sì ti rí i lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta pé ohun tó o sọ ló wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, tó bá di ẹ̀kẹrin kò ní jókòó ti ọmọ gbọ́ ọ mọ́, á kàn tẹ̀ ẹ́ fún un. Ibi tí ìgbẹ́kẹ̀lé ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sí owó influencer tó lè rà á.

Sọ bí fáìlì àlọ́ náà ṣe wúwo tó pẹ̀lú. Àwọn èèyàn máa ń fojú kéré èyí. Láti January 2025 tí NCC, àjọ tó ń bójú tó iléeṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí i káwọn iléeṣẹ́ fóònù fi ohun tó tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, dátà ti di nǹkan tí òbí ń ṣírò. Àlọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó o bá sééfù sí MP3 ní 128 kbps (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni fáìlì ṣe máa fúyẹ́ tó) máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó MB mẹ́wàá, ṣùgbọ́n tó o bá ṣe é ní mono ní 64 kbps, kò ní ju bíi MB márùn-ún lọ, ohùn èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ ò sì ní bàjẹ́ létí ọmọdé. Orin nìkan ló máa fara gbá a díẹ̀, àmọ́ orin àlọ́ tí ò ní ju ohùn àti àtẹ́wọ́ lọ, kò séwu.

Ó wá ku ibi tó o máa gbé e gbà. WhatsApp ni mo máa mú, kì í ṣe Instagram, ìdí tí mo sì fi mú un wà nínú bí broadcast wọn, ìyẹn fífi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí kálukú á gbà á lọ́tọ̀, ṣe ń ṣiṣẹ́. Broadcast kan ò gbà ju èèyàn 256 lọ, ẹni tí ò bá sì sééfù nọ́ńbà ẹ sínú fóònù ẹ̀ ò ní rí ohun tó o fi ránṣẹ́ gbà láéláé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bínú sí òfin yẹn, wọ́n ní ó ń dí wọn lọ́wọ́. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Kò sí ohun míì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó lè sọ òótọ́ fún ẹ bẹ́ẹ̀ nípa bó o ṣe jẹ́ sáwọn èèyàn. Ẹni tó bá kọ orúkọ ẹ sínú fóònù ẹ̀, bóyá ó kọ "Ìyá Alálọ̀ọ́ Kubwa", ti fún ẹ láàyè láàárín àwọn èèyàn ẹ̀. Nọ́ńbà tó o gbọ́dọ̀ máa kà nìyẹn, fi fọ́lówà sílẹ̀. Ra SIM ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ yìí, fi ojú ara ẹ síbẹ̀, má fi àwòrán Ìjàpá, òbí fẹ́ rí ojú obìnrin tó ń bá ọmọ òun sọ̀rọ̀.

Má sì ṣe kó àwọn èèyàn sínú gúrúùpù tí wọn ò béèrè. Mo mọ̀ pé gbogbo ayé ló ń ṣe é, àárọ̀ ọjọ́ kan ẹ máa jí ẹ máa bá ara yín nínú gúrúùpù ẹni tó ń ta ilẹ̀ ní Kuje. Ìwà àìbọ̀wọ̀ fúnni ni, èmi ò sì rò pé ẹni tó bá fipá bẹ̀rẹ̀ báyẹn lè rí ìgbẹ́kẹ̀lé gbà padà.

Ta lo máa kọ́kọ́ fún? Má wá àjèjì. Wá àwọn ìyá tẹ́ ẹ jọ ń dúró dè ọmọ lẹ́nu géètì iléèwé, àwọn tẹ́ ẹ jọ wà ní ẹgbẹ́ ìlú, tẹ́ ẹ jọ ń lọ àsàlátù tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, aládùúgbò, àwọn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, kí gbogbo wọn ṣáà ní ọmọ tó wà láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́jọ. Bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́nu, má fi mẹ́séèjì kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Sọ fún wọn pé o fẹ́ máa fi àlọ́ kan ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ọ̀fẹ́ ni, kí wọ́n sééfù nọ́ńbà yìí tí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n sì sọ òótọ́ fún ẹ tí ọmọ ò bá gbọ́ ọ parí. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ẹ̀ lọ. Àwọn ẹbí máa sọ fún ẹ pé ó dùn, ó dùn, ó dùn. Má bi wọ́n bóyá ó dùn. Bi wọ́n pé ìṣẹ́jú wo ni ọmọ dìde lọ ṣeré. Tí ọmọ mẹ́fà bá dìde níbì kan náà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, o máa rí nǹkan kan. Ọjọ́ kan á wà tó jẹ́ pé iná lọ, fóònù kú, o ò tètè fi ránṣẹ́, ẹnì kan á wá kọ̀wé sí ẹ pé "Màmá, àwọn ọmọ ń béèrè o, tòní dà?" Kọ orúkọ ẹni yẹn sílẹ̀. Òun ni olùgbọ́ ẹ. Gbogbo àwọn tó kù tó ń fi àwòrán àtẹ́wọ́ ránṣẹ́, ọ̀rẹ́ ẹ ni wọ́n, Ọlọ́run bùkún wọn, àmọ́ ẹni tó béèrè ẹ nígbà tí ò rí ẹ ló máa sọ fún àwọn míì láìjẹ́ pé o bẹ̀ ẹ́. Táwọn bẹ́ẹ̀ bá pé mẹ́wàá, iṣẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Táwọn bẹ́ẹ̀ ò bá sí, kódà kí ẹgbẹ̀rún èèyàn gbọ́ ọ, má tíì pariwo ẹ.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọjà tó dáa ló ń ta ara ẹ̀. Mi ò gbà. Mo ti rí ohun tó dáa tó kú sínú láptọ́ọ̀pù. Èèyàn ló ń gbé ọjà látẹnu dé ẹnu, àfi kó o mọ àwọn tó ń gbé e, kó o sì máa tọ́jú wọn.

Tó o bá sì rò pé èyí kéré jù, wo àríwá tá a ń gbé yìí. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 làwọn òǹkọ̀wé Hausa ní Kano, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ obìnrin, ti ń tẹ ìtàn ìfẹ́ tí wọ́n ń pè ní littattafan soyayya. Iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé ńlá kankan ò bá wọn ṣe é. Owó ara wọn ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, wọ́n dá ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé sílẹ̀ tí wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́, ìwé pẹlẹbẹ ni, wọ́n pín ìtàn kan sí apá kìíní, apá kejì, apá kẹta, ẹni tó bá ka àkọ́kọ́ á máa dà á láàmú nílé, á padà lọ sọ́jà lọ wá èkejì. Àwọn tó kàwé gan-an fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn àlùfáà kan bá wọn jà, ìwé ìròyìn Èkó ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà. Àwọn obìnrin ilé ló ń kà á, tí wọ́n ń yá ara wọn, tí àwọn rédíò wá ń kà á sórí afẹ́fẹ́. Òǹkọ̀wé máa ń fi àdírẹ́sì ẹ̀ sẹ́yìn ìwé, òǹkàwé á sì kọ lẹ́tà sí i. Nígbà tí ọjà ìwé wá lọ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ̀wé lẹ́yìn wọn gba WhatsApp lọ, wọ́n ń fi orí kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ lójoojúmọ́, àwọn èèyàn sì ń sanwó. Ìdí tí mo fi mẹ́nu kan àwọn obìnrin yìí ni pé kò sí ohun tí wọ́n ní tí ìwọ ò ní. Àdírẹ́sì ẹ̀yìn ìwé yẹn ni nọ́ńbà fóònù ẹ. Apá kejì tí wọ́n ṣèlérí tó sì jáde lóòótọ́, ìyẹn làlọ́ ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tìẹ.

Mi ò wá ní parọ́ fún ẹ pé ariwo ò wúlò rárá. Àwọn eléré orí ìtàgé wa, àwọn alárìnjò, wọ́n pariwo dáadáa. Ọkọ̀ wọn á wọ̀lú lọ́sàn-án, ìlù á máa dún, ẹ̀rọ gbohùngbohùn á máa ké, gbogbo ọmọdé á máa sáré tẹ̀ lé e. Ogunde tó dá ẹgbẹ́ eré ẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1940 gbé eré dé ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí pẹ̀lú, ó dé Jos lọ́dún 1946, ìjọba amúnisìn ò jẹ́ kó ṣe é lálàáfíà, wọ́n bu owó ìtanràn lé e, síbẹ̀ kò yéé rìnrìn àjò eré. Ṣùgbọ́n wo bí ariwo wọn ṣe rí. Ọ̀sán ni wọ́n pariwo, alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni eré, ẹni tó bá gbọ́ lè fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn débẹ̀ lọ wò ó bóyá bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ló rí, wọ́n á sì tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ariwo àti iṣẹ́ ò jìnnà síra. Ti lọ́ńṣìn tí ọ̀rẹ́ ẹ ń sọ yìí, ariwo máa ti ṣe tán nígbà tó o ṣì ń wá ẹni tó máa bá ẹ ṣe àlọ́ kọkànlá.

Mo wá fẹ́ kó o ṣọ́ra nípa ọjọ́. Má kéde pé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ẹ́, o ní ọmọ méjì, ìrìn àtààrọ̀ láti Kubwa lọ sí Central nìkan ti tó iṣẹ́. Mẹ́wàá ló wà lọ́wọ́ ẹ, tó o bá ń gbé ọ̀kan jáde lọ́sẹ̀ méjì-méjì, oúnjẹ ogún ọ̀sẹ̀ lo ti ní nílẹ̀ yẹn, láàárín ìgbà yẹn wàá gba àwọn míì sílẹ̀ láìsáré. Má kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jáde lọ́jọ́ kan. Àárọ̀ Sátidé ni màá mú, àwọn ọmọ wà nílé, òbí ń ṣiṣẹ́ ilé, inú òbí máa dùn sí ẹni tó bá bá a mú ọmọ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Agogo mẹ́jọ, kó jẹ́ agogo mẹ́jọ. Aláròyé tí gbogbo wa mọ̀, ọdún 1985 ló kọ́kọ́ jáde, ó dúró, ó tún dìde, ó tún dúró, ọdún 1996 ló tó wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tó le jù nínú iṣẹ́ yìí ni kó o tún wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó o ní wàá wà níbẹ̀.

Ti owó ọwọ́ ẹ, má ná ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ báyìí. Ra máìkì kékeré tó ń so mọ́ ẹ̀wù, kì í ṣe ti ilé rédíò. Jẹnerétọ̀ ládùúgbò lọ̀tá ẹ, kì í ṣe máìkì, torí náà jí gbà á sílẹ̀ ní ìdájí, wọ inú yàrá tí aṣọ pọ̀ sí, fi tímùtímù dí ojú fèrèsé. Ra dátà. Forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí orúkọ òwò, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń ṣe é, o ò ní láti lọ dúró ní ọ́fíìsì wọn ní Maitama. Mo mọ̀ pé owó ò tíì wọlé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tówó bá fẹ́ wọlé, ẹni tó bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì tó rí orúkọ tí ò mọ̀ rí, ọwọ́ ẹ̀ á dúró, gbogbo wa la ti gbọ́ ti àwọn gbájúẹ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ tó ń gbọ́ lẹ́nu ẹ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló jáde, á fi ránṣẹ́. Èyí tó kù nínú owó ẹ, jẹ́ kó wà ní báǹkì, oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún lo máa mọ ohun tó nílò ẹ̀.

Gbogbo nọ́ńbà àti orúkọ àwọn èèyàn ẹ, kọ wọ́n sínú ìwé kan lọ́tọ̀, kó o sì tọ́jú ohùn tó o gbà síbi méjì. Okadabooks, ìkànnì tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ti ń ta ìwé wọn láti 2013, wọ́n ti í ní ìparí November 2023. Òǹkọ̀wé tó jẹ́ pé orí ẹ̀ nìkan ló ti mọ àwọn òǹkàwé ẹ̀, tí ò ní nọ́ńbà ẹnì kankan lọ́wọ́, ọjọ́ yẹn ló padà di ẹni tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ la ń kọ́lé sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, WhatsApp náà wà nínú ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè, ibí yìí lo sì ti lè borí gbogbo àwọn tó wà l'Ékòó. Abuja kún fún àwọn Yorùbá tí kì í ṣe ará Ọ̀yọ́ tàbí Ẹ̀gbá. Àwọn ará Okun láti Kabba, Mọ̀pà, Ìsánlú, àwọn ará Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìgbómìnà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń gbé ẹnu ìlú wọn mì tí wọ́n bá dé àárín àwọn Yorùbá yòókù, torí wọ́n á fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wá ìyá àgbà kan láàárín wọn tó wá kí àwọn ọmọ ẹ̀, jókòó tì í, jẹ́ kó pa àlọ́ ìlú ẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n, kí ìwọ náà wá pa á, kó o sọ pé ìlú báyìí ló ti wá. Òfin Copyright wa, ìyẹn òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tó ń kọ ìwé tó ń gba ohùn sílẹ̀, náà béèrè ẹ̀ pé kéèyàn dárúkọ àwùjọ tàbí ibi tí ìtàn ìbílẹ̀ ti wá, àmọ́ kódà tí òfin ò bá sọ ọ́, wo bó ṣe máa rí lára ìdílé Okun kan ní Gwarinpa tí ọmọ wọn gbọ́ orúkọ Ìsánlú látinú fóònù. Tẹ́nì kan bá sì kọ̀wé sí ẹ pé o ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, má jà. Dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tún un ṣe, kó o sì sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ àlọ́ tó tẹ̀ lé e pé ẹnì kan ló tọ́ ẹ sọ́nà. Àwọn tó gbọ́ máa mọ̀ pé èèyàn ló wà nídìí iṣẹ́ yìí, ó sì ń gbọ́ wọn.

Tó o bá ṣì fẹ́ kójọ èèyàn jọ, kó àwọn ọmọ jọ. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, wá àgbàlá ẹnì kan ní Kubwa, tẹ́ ẹní, pe ọmọ bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú òbí wọn, bu omi àti ẹ̀pà, pa àlọ́ méjì lójú wọn. Jẹ́ kí wọ́n gbe orin. Tó o bá fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀ láti fi ṣe ègbè, gbàṣẹ lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan, kó kọ ọ́ sílẹ̀, má fi ojú ọmọ kankan síta láìjẹ́ pé wọ́n ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀, òfin ìdáàbòbò dátà tọdún 2023 ò fi ọ̀rọ̀ ọmọdé ṣeré. Ọmọ tó bá gbọ́ ohùn ara ẹ̀ nínú àlọ́ tó tẹ̀ lé e, ṣé o rò pé ẹnì kan ṣì máa ní láti bẹ òbí ẹ̀ kó fọ́wọ́dù ẹ̀?

Ìgbà wo lo máa wá gbowó? Ìgbà tẹ́nì kan bá bi ẹ́ bó ṣe lè sanwó. Á ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ òbí tó fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ sínú flash kí wọ́n máa gbọ́ ọ nínú mọ́tò lójú ọ̀nà Kubwa nígbà tí hólídàpù bá mú wọn, ó lè jẹ́ iléèwé kan. Ìgbà yẹn, ta èyí tó ti wà nílẹ̀, má ta èyí tó o ṣì fẹ́ ṣe. Kó o tó tà á, fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Nigerian Copyright Commission, olú iléeṣẹ́ wọn wà l'Abuja níbí. Ẹ̀tọ́ ẹ lórí ohùn tó o gbà sílẹ̀ ti wà láti ọjọ́ tó o ti gbà á, ìforúkọsílẹ̀ kàn jẹ́ ẹ̀rí ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rí máa ń wúlò. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tẹ́lẹ̀, jẹ́ kó máa jẹ́ ọ̀fẹ́ lọ. Kò dáa kí àwọn tó gbà ẹ́ gbọ́ nígbà tí o kò ní orúkọ jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n bá ìlẹ̀kùn ní títì.

Ti rédíò, lọ, àmọ́ lẹ́yìn tó bá ti tó àlọ́ mẹ́jọ tó ti jáde lọ́jọ́ tó yẹ. Tí wọ́n bá ní kó o sọ nǹkan nípa ara ẹ, sọ ọ́ ṣókí, kó o wá pa ìdajì àlọ́ kan fún wọn lórí afẹ́fẹ́, kó o dá a dúró síbi tó ti dùn jù, kó o sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyókù, nọ́ńbà rèé, kó sééfù ẹ̀ kó tó fi orúkọ àti ọjọ́ orí ọmọ ẹ̀ ránṣẹ́. Ka nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀díẹ̀, torí nínú mọ́tò lọ̀pọ̀ wọn á ti máa gbọ́ ọ. Kó o sì rí i pé o fi ìyókù yẹn ránṣẹ́ sí gbogbo wọn kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà.